Ewé Abẹ́ Ibòòji fún Ìkòkò Òdòdó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti to òdòdó sí inú ilé ìsìn tàbí sí orí tábìlì àlejò rí ní àkókò Kérésìmesì yóò mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. A ó já òdòdó ní kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. A ó tò ó, àwọn ènìyàn yóò sì máa yìn ín. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti Òkè Ọya, ó ń mú ètè ènìyàn là, kò sì ní í ṣàánú òdòdó. Kí oòrùn tó kàn wá ní àtàrí, òdòdó náà a ti sorí kọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti rẹ̀ sílẹ̀ yí ẹsẹ̀ tábìlì ká. Bí ó bá jẹ́ pé a rà á ni, owó náà ti bá a lọ.

Àtúnṣe ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa, kò sì gba owó púpọ̀. Ewé ni. Àwọn tí iṣẹ́ títo òdòdó yé jinlẹ̀ kì í fi òdòdó nìkan kún ìkòkò. Ewé ni wọ́n kọ́kọ́ ń tò láti fún iṣẹ́ náà ní ìdúró, ewé ni wọ́n sì fi ń bo ẹnu ìkòkò, lẹ́yìn èyí òdòdó mẹ́ta tàbí márùn-ún a tó. Ní ilẹ̀ Jàpáàn, níbi tí títo òdòdó ti jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ lẹ́sẹ̀ olùkọ́, ewé gbọọrọ kan tí a ń pè ní Aspidistra wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, a sì lè to ìkòkò kan parí pẹ̀lú ewé náà nìkan. Ewé yìí kan náà ni àwọn ará Ìlú Ọba ń gbìn sínú iyàrá àlejò wọn ní ayé Ọbabìnrin Fikitóríà, nítorí pé ó ń fara da òkùnkùn ilé àti èéfín àtùpà gáàsì tí ń pa àwọn ohun ọ̀gbìn mìíràn.

A kò nílò Aspidistra kí a tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ewé tí ń fẹ́ ibòòji pọ̀ nínú igbó wa, ibi tí wọn yóò sì ti dàgbà ni ibi tí a ti kọ̀ sílẹ̀ tipẹ́: ẹ̀yìn ilé ìdáná, abẹ́ igi máńgòrò, ìdí ògiri tí oòrùn kì í dé, abẹ́ obì àti kòkó. Àgbàdo kò ṣe níbẹ̀, ẹ̀fọ́ kò ṣe níbẹ̀, nítorí náà a sọ ibẹ̀ di ibi tí a ń da pàǹtí sí. Ẹ wò ó dáadáa: ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú, ó tutù, ewé tí ó ti jẹrà sì kún un. Ohun tí igbó fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ nìyẹn.

Ó yẹ kí a mọ ìdí rẹ̀ tí ewé wọ̀nyí fi rí bí wọ́n ti rí. Ohun ọ̀gbìn tí ń gbé abẹ́ igi ńlá kì í rí ju ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣẹ́kù lọ. Kí ó lè rí èyí tí ó tó o, ó na ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì mú un dúdú, bí aṣọ tí a tẹ́ láti gba òjò. Ìfẹ̀ àti dúdú yìí gan-an ni ẹni tí ń to òdòdó ń wá. Ṣùgbọ́n bí a bá hú irú ohun ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀ lọ sí gbangba oòrùn, ewé rẹ̀ a jó, a kọ́kọ́ di funfun láàárín, lẹ́yìn náà a gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni kí a má sì ṣe rò pé ibòòji àti òkùnkùn jẹ́ ohun kan náà. Ọ̀nà kan wà tí a lè fi dán ilẹ̀ wò láìná kọ́bọ̀. Ní ọ̀sán gangan, na ọwọ́ rẹ sí òkè ilẹ̀ níbi tí o fẹ́ gbìn sí. Bí òjìji ọwọ́ náà bá hàn ketekete tí ìka márùn-ún ṣe é kà, oòrùn ibẹ̀ pọ̀ jù. Bí kò bá sí òjìji rárá, ibẹ̀ ṣókùnkùn jù. Bí òjìji náà bá hàn fírífírí, tí etí rẹ̀ kò gún, ibẹ̀ gan-an ni.

Pèrègún ni a ó fi ṣe àkọ́kọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ọ̀lẹ tí kò lè gbìn ín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí a gé ọ̀pá rẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbọ̀nwọ́ kan tàbí kí ó kúrú díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a fi í sílẹ̀ sí ibi tútù fún ọjọ́ kan kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè gbẹ, kí a sì rì í sínú ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń fẹ́ ìṣọ́ra ni pé kí apá tí ó wà lókè lára igi wà lókè nínú ilẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá dorí rẹ̀ kodò yóò dúró títí. Láàárín oṣù kan sí oṣù kan àbọ̀, yóò ti ta gbòǹgbò. Igi tí a gé orí rẹ̀ kì í kú. A máa yọ orí méjì tàbí mẹ́ta ní abẹ́ ibi tí a gé, nítorí náà bí a bá ti ń gé e lò ni ewé ń pọ̀ sí i. Irú kan wà tí ó ní ìlà pupa rúsúrúsú bí ìyeyè ní àárín ewé. Òun ní ẹwà jù, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìlà náà yóò máa ṣá.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé pèrègún wọ inú ilé ìsìn fún ọjọ́ Ìkórè, àgbà obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Ọmọ mi, àbí o kò mọ̀ pé igi ojúbọ nìyẹn?” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Mo mọ̀, Ìyá. Ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n fi pààlà oko bàbá yín, ẹ kò sì torí rẹ̀ kọ iṣu oko náà.” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà fún mi lọ́jọ́ náà. Ó tó ọdún méjì kí òun fúnra rẹ̀ tó rán ọmọ wá bá mi pé kí n bun òun ní ọ̀pá kan.

Nípa pèrègún yìí náà, ohun kan ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní àwọn ìlú ńlá, àwọn ènìyàn ń fi owó gidi ra ọ̀pá kéékèèké kan tí ó dúró nínú ìgò omi, tí a lọ́ bí ìwo àgbò, tí wọ́n ń pè ní lucky bamboo. Kì í ṣe oparun rárá. Àbúrò pèrègún ni. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Dracaena sanderiana, ìhà Kamẹrúùnù títí dé Kóńgò ni ilé rẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n gbìn ín púpọ̀, tí wọ́n sì ń tà á káàkiri ayé, títí kan àwa tí a jẹ́ aládùúgbò ilé tí ó ti jáde wá. A ó tún padà bá a níwájú, nítorí ìgò omi rẹ̀.

Lẹ́yìn pèrègún, ọjá ìkookò. Èyí tí àwọn Òyìnbó fẹ́ràn jù nínú rẹ̀, tí ewé rẹ̀ dúró ṣánṣán bí idà, tí ó sì ní ilà bí ara ejò, ilẹ̀ Nàìjíríà títí lọ dé Kóńgò ni ó ti ṣẹ̀. Ó ń fara da ohun gbogbo àfi omi àpọ̀jù, èyí tí í mú un jẹrà láti ìdí. Ewé rẹ̀ kan ṣoṣo nínú ìkòkò tóóró a máa pẹ́ ju sùúrù ẹni tí ó tò ó lọ. A lè gé ewé náà sí wẹ́wẹ́, kí a gbin wẹ́wẹ́ náà, yóò sì hù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba àwọn kan lọ́wọ́ ìjákulẹ̀ tí ó bá mi. Irú èyí tí etí ewé rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè kì í bí ara rẹ̀ nípa ewé. Mo gbin ogún wẹ́wẹ́ rẹ̀, mo ń bomi rin wọ́n, mo ń retí. Ogún sì hù, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n jáde láìní etí pupa kan. Ìdí rẹ̀ ni ó yẹ kí a pín, kí a sì gbin ọmọ tí ó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀.

Ewé eéran kò fẹ́ àlàyé lọ́wọ́ àwọn tí ń di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti rò ó pé ewé tí a fi ń di oúnjẹ lè dúró nínú ìkòkò? Ọ̀pá rẹ̀ gùn ju ènìyàn lọ nígbà tí ilẹ̀ bá gbà á, ewé kan ṣoṣo ni ó sì wà lórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ó fẹ̀, ó ń dán. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin rẹ̀ lẹ́yìn òdòdó pupa díẹ̀ a dà bí ògiri aláwọ̀ ewé. Gbòǹgbò rẹ̀ tí ń rá nínú ilẹ̀ ni a ń gé gbìn, kí ojú kan tàbí méjì wà lára rẹ̀, abẹ́ kòkó sì ni ààyè rẹ̀. Èso pupa rẹ̀ tí ó ní igun mẹ́ta, ní ìdí ilẹ̀ gan-an ni a ti ń rí i. Dókítà Òyìnbó kan tí ń jẹ́ Daniell kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1855 nítorí adùn rẹ̀, láti ara orúkọ dókítà yìí ni a sì ti sọ ewé náà ní Thaumatococcus daniellii. Ohun dídùn inú rẹ̀ ni a ń yọ ní òde òní láti fi dípò ṣúgà. Nítorí náà ẹni tí ó bá gbin ewé eéran fún ìkòkò òdòdó kò pàdánù bí ọjọ́ títo òdòdó bá kọjá: kí ó di mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rá ti gba ipò ewé ní ọ̀pọ̀ ilé, ṣùgbọ́n ẹnu tí ó mọ adùn ewé kò tíì gbàgbé.

Èyí tí ń hù lára ọ̀pẹ, tí ewé rẹ̀ là bí ìyẹ́ ẹyẹ, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní fern, kò fẹ́ ju kí a fi ọ̀bẹ yọ ọ́ pẹ̀lú ìdọ̀tí ìdí rẹ̀, kí a sì gbìn ín sínú ilẹ̀dú níbi tútù. Kì í yọ òdòdó, kì í sì í so èso. Iyẹ̀fun tí ó wà ní ẹ̀yìn ewé rẹ̀ ni ó fi ń bí ọmọ, nítorí náà kí a má ṣe rò pé àìsàn ni àwọn ojú ńlẹ̀ ńlẹ̀ wọ̀nyí, kí a sì máa fọ̀ wọ́n dànù. Ní ìlú Pierson ní Florida, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú ewé yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun. Abẹ́ igi ńlá àti abẹ́ aṣọ dúdú tí a ta sórí òpó ni wọ́n ń gbìn ín sí, fún àwọn tí ń to òdòdó.

A dé ibi tí ó yẹ kí a ti rọra. Ọ̀pọ̀ ilé ni ó ní lẹ́fun-lósùn, ewé tí ó ní ojú funfun àti ojú pupa bí ẹni tí a fi ẹfun àti osùn kùn lára. Láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni ó ti wá, kò sì sí ewé ibòòji tí ó dára jù ú lọ lójú. Mọ̀lẹ́bí kókò ni, bí ẹnikẹ́ni tí ó bá wo ewé rẹ̀ ti lè rí i. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ mìíràn ni Dieffenbachia, tí ọ̀pá rẹ̀ nípọn, tí ewé rẹ̀ ní àbàwọ́n funfun, tí a ń rí nínú ìkòkò ní ẹnu ọ̀nà ilé àti ilé iṣẹ́ káàkiri. Ní àwọn erékùṣù West Indies, orúkọ tí wọ́n fún un túmọ̀ sí ìrèké tí í sọni di odi. A mọ bí kókò tí kò jiná ti ń yún ọ̀fun. Nínú oje gbogbo mọ̀lẹ́bí yìí ni àwọn abẹ́rẹ́ wínníwínní wà, tí ojú kò lè rí; bí ènìyàn bá jẹ ewé tàbí ọ̀pá wọn, abẹ́rẹ́ náà a gún ètè, ahọ́n àti ọ̀fun. Ti Dieffenbachia ni ó burú jù. Ẹnu a wú, itọ́ a máa dà, ohùn a sì há. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, tí ń fi gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ sẹ́nu, ni ewu yìí ń dúró dè.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí a fi aṣọ mímọ́ tí a rì sínú omi nu ẹnu ọmọ náà, kí a yọ ìyókù ewé kúrò, kí a sì máa fún un ní omi tútù tàbí wàrà díẹ̀díẹ̀. Kí a má ṣe ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ó lè bì, nítorí pé ohun tí ó gún un nígbà tí ó ń lọ yóò tún gún un nígbà tí ó bá ń bọ̀. Kí a má sì ṣe rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ ti wú lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ètè tàbí ahọ́n bá ń wú sí i, bí kò bá lè gbé itọ́ mì, tàbí bí èémí rẹ̀ bá ń dún, ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀. Bí oje náà bá ta sí ojú, kí a fi omi mímọ́ púpọ̀ ṣàn án fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a tó gbé e lọ. Ẹni tí ń gé wọn, kí ó fọ ọ̀bẹ àti ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó kan ojú ara rẹ̀. Ní tèmi, níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kékeré bá wà nínú ilé, èmi kò ní gbin Dieffenbachia rárá. Pèrègún tó mi.

Nípa gígé, àárọ̀ kùtùkùtù ni ó dára jù, kí oòrùn tó fa omi ara ewé. Ewé tí ó ti gbó ni kí a gé. Ewé ọ̀dọ́, bí ó ti wù kí ó tutù tó, kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ. Kí garawa omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kí ewé bọ́ sínú rẹ̀ bí a bá ti ń gé e, nítorí pé ihò tóótòòtó ni ó wà nínú ọ̀pá ewé, nípasẹ̀ rẹ̀ ni omi ń gòkè. Bí atẹ́gùn bá wọ inú ihò náà, omi kò ní lè kọjá. Èyí ni ìdí rẹ̀ tí a fi ń tún ìdí ọ̀pá gé lẹ́ẹ̀kejì nínú omi. Lẹ́yìn náà kí a ri ewé náà bọ inú omi, àti orí àti ìdí, fún wákàtí díẹ̀ tàbí di ọjọ́ kejì. Lẹ́fun-lósùn tí a kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò ní rí ìparí ìwàásù. Gbogbo ewé tí yóò bá wà lábẹ́ omi nínú ìkòkò ni kí a já kúrò, nítorí pé wọn yóò jẹrà, èérà wọn yóò sì dí ihò ọ̀pá. Pèrègún tí a ṣe báyìí fún a máa lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Kí a má sì gé gbogbo rẹ̀ tán. Ìdá kan nínú mẹ́ta ewé igi kan ti tó fún ìgbà kan, kí ó lè rí èyí tí yóò fi jẹun. Nínú igbó Petén ní ilẹ̀ Gùátẹ̀málà, ọ̀pẹ kúkúrú kan ń gbé abẹ́ igi ńlá, ewé rẹ̀ ni a sì ń kó lọ sí Amẹ́ríkà fún àwọn tí ń to òdòdó àti fún Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Nígbà tí a ń san owó fún àwọn tí ń gé e ní iye ewé tí wọ́n bá kó wá, ohun tí ọwọ́ wọn bà ni wọ́n ń gé, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń di àdànù. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún ewé dáradára nìkan, gígé yí padà.

Nísinsìnyí, ọ̀ràn omi. Ìwà rere ewé yìí gan-an ni ó bí ewu rẹ̀. Òdòdó a máa rọ ní ọjọ́ kẹta, a ó sì da òun àti omi rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n ewé a dúró ní tútù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí ẹni tí yóò rántí wo omi tí ó wà ní ìdí rẹ̀. Ohun tí ó ṣe mí nìyẹn lẹ́yìn Àjíǹde kan. Mo gbé ìkòkò pèrègún méjì sí iyàrá kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ìsìn, mo ń yọ̀ pé wọn kò tíì pọ́n. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ó pè mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo ohun tí ń jó nínú omi yín.” Tanwíji ni. Wọ́n ń yí gbiri gbiri, wọ́n ń gòkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni pé a pè wọ́n sí ìyàwó. Ó tì mí lójú gidigidi, nítorí pé nínú iyàrá yẹn náà ni àwọn ọmọ ń kọ́ orin.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré. Nígbà tí àwọn ará Faransé ń gbẹ́ odò ńlá ní Pánámà láti ọdún 1881 títí di 1889, wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn rere kan sí Ancón, wọ́n sì fi ọgbà òdòdó yí i ká. Nítorí pé èèrà ibẹ̀ ń gé ewé jẹ, wọ́n fi omi yí ìdí àwọn ohun ọ̀gbìn náà ká nínú àwo. Wọ́n sì ki ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn pẹ̀lú bọ inú abọ́ omi. Omi wọ̀nyí ni ẹ̀fọn ti ń bí ọmọ. Aláìsàn tí ó wọlé nítorí ẹsẹ̀ dídá a jáde lọ sí ibojì nítorí ibà apọ́njú, èyí tí í mú ojú ènìyàn pọ́n bí ìyeyè. Ní ọdún 1881 kan náà ni Dókítà Carlos Finlay ti Kúbà sọ pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé àrùn náà kiri, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò kà á sí. Ọdún 1900 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó fi ìdí ọ̀rọ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní Kúbà náà. Lẹ́yìn náà, Dókítà Gorgas dé Pánámà ní 1904, ó ń da omi nù, ó ń bo àgbá omi, nígbà tí ó fi máa di 1906 ibà náà ti tán níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ tiwa, Dókítà Adrian Stokes, ọmọ ilẹ̀ Áyálándì, tí ó wá ṣe ìwádìí ibà apọ́njú, kó o, ó sì kú ní Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìtàn àtijọ́ ni: lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a kò gbúròó rẹ̀, a tún rí ibà náà ní ìpínlẹ̀ Kwara ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Ẹ̀ẹ̀kan ni a ń gbà á, ó sì tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ní ti lucky bamboo tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, ní ọdún 2001 àwọn olùṣọ́ ìlera rí ẹ̀fọn àjèjì kan nínú ẹrù rẹ̀ tí ó ti Ṣáínà dé èbúté Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Omi díẹ̀ tí a kó ọ̀pá náà sí ni ẹ̀fọn fi ṣe ilé nínú ọkọ̀.

Ẹ̀fọn a máa ti inú ẹyin dé ìyẹ́ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá nígbà ooru. Nítorí náà bí a bá ń pààrọ̀ omi ìkòkò ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, kò ní rí àyè. Ṣùgbọ́n dída omi nù nìkan kò tó, ibí yìí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹ̀fọn ibà apọ́njú kì í yé sórí omi. Ara ògiri ìkòkò, lókè omi díẹ̀, ni í lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́, ẹyin náà sì lè gbẹ fún oṣù mélòó kan kí ó má kú. Bí a bá tún rọ omi sí i, wọn a pa. Kí a fi kànìnkànìn tàbí búrọ́ọ̀ṣì gbo inú ìkòkò dáadáa nígbàkúùgbà tí a bá da omi rẹ̀ nù. Àwo tí ó wà lábẹ́ ìkòkò tí a gbin nǹkan sí, kí a fi iyanrìn kún un. Iyanrìn yóò gba omi, kò sì ní jẹ́ kí ó dúró. Ìkòkò òdòdó orí ibojì, tí a kì í bẹ̀ wò lóòrèkóòrè, iyanrìn tútù ni kí a tò ó sí dípò omi. Ewé yóò rí èyí tí yóò mu, tanwíji kò ní rí èyí tí yóò lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Oṣù Kẹrin àti Karùn-ún ni kí a gbin ọ̀pá pèrègún àti gbòǹgbò eéran, kí gbogbo òjò lè tọ́ wọn. Kí a da ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti pẹ́ sí ìdí wọn. Ìgbẹ́ tútù a máa jó gbòǹgbò. Ìgbín yóò wá ní òru, kí a ṣà á fún ìkòkò ọbẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, kí a fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, kí a sì máa bomi rin ín ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́fun-lósùn a máa wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé rẹ̀ a gbẹ tán bí ẹni pé ó kú, kò kú. Ní oṣù Kọkànlá tàbí Kejìlá, kí a wa orí rẹ̀ jáde, kí a jẹ́ kí ó gbẹ ní ibòòji, kí a sì tọ́jú rẹ̀ sínú iyanrìn gbígbẹ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Kí a gbé e sí òkè àjà, jìnnà sí ilé ìdáná, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá ohun tí yóò sè kò ti ní ṣì í mú fún kókò.